Mo Ba Ọ̀rẹ́ Mi Jẹ́ Lábẹ́ Orúkọ Ọ̀gá Wa

Kí ẹ tó máa ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi. Ẹ má fi í lé Èṣù lórí. Ojú mi là sílẹ̀ kedere, ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì mọ ohun tí mo ń tẹ̀.

Dókítà ni mí, ọmọ Ìgèdè-Èkìtì. Monínúọlá ni orúkọ mi, àwọn tó sún mọ́ mi ń pè mí ní Móní. Lọ́dún 1997, èmi àti ọ̀rẹ́ mi Qanitah Sàlámì jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Adó. A jọ jáde yunifásítì ni, a sì jọ ń gbé yàrá kan náà. Ọmọ Adó ni òun, bàbá rẹ̀, Alfa Sàlámì, ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba.

Ohun kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń lé: kí á lọ ṣe rẹsidẹ́ńsì ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ọdún mẹ́ta tí dókítà fi ń kọ́ṣẹ́ sí i nínú ọsibítù wọn, lábẹ́ àwọn àgbà dókítà. Nígbà yẹn, bí dókítà méjì bá pàdé ní Adó, wọn kì í kí ara wọn ní "ẹ kú iṣẹ́" mọ́. "Ìdánwò dé ibo?" ni wọ́n ń bi ara wọn.

Ìwé kan ṣoṣo la ní tó dáa fún ìdánwò náà. Qanitah fi bíléèdì gé e sí méjì láti àárín kí èmi lè máa ka apá kan, kí òun máa ka ìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì la wọ mọ́tò dé Gánà lọ ṣe ìdánwò.

Nígbà tí èsì dé, Qanitah gba méjìlélàádọ́rùn-ún. Èmi gba mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Márùndínlọ́gọ́rin ni ẹni tó bá máa yege gbọ́dọ̀ gbà.

"A ti yege," Qanitah wí, ó dì mọ́ mi. "Àwa méjèèjì, Móní. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Mo dì mọ́ òun náà. Inú mi ò dùn. Ìlara ni mo ń ṣe, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ìyá mi ní tirẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìta. Mo lọ kí i ní Ìgèdè lọ́jọ́ Sátidé kan, mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí àwọn ìyá ìjọ ti ń kí mi kú ìmúra ìrìn-àjò.

"Màámi, ta ló sọ fún wọn?"

"Èmi ni. Ṣé ohun ìtìjú ni? Uṣẹ́ Ọlọ́run là ń sọ." Uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ nílùú wa.

"Ẹnikẹ́ni ò tíì gbà mí níbì kankan o."

"Wọ́n á gbà ọ́. Mo ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

Láti ọjọ́ náà, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Mo ń jẹun, mi ò mọ adùn rẹ̀. Mo kàn ń ro ojú tí màá fi wo àwọn ìyá ìjọ wọ̀nyẹn bí ọ̀rọ̀ náà bá já sófo.

Ọ̀gá wa ni Dókítà Adébíyìí. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fún ọdún mọ́kànlá kó tó padà wálé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Dókítà Walsh ló ń yan àwọn tó ń wá ṣe rẹsidẹ́ńsì ní ọsibítù kan lọ́hùn-ún. Bí ọ̀gá bá kọ̀wé pé ẹnì kan dáa, Walsh kì í bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti gba dókítà méjì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú wa.

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Móní, wọ́n ní o mọ̀ ọ́n táìpù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n màámi kí n tó wọ yunifásítì."

"Ó dáa. Lẹ́tà ìjẹ́rìí tiyín méjèèjì, lọ kọ ọ́. Kọ tìẹ, kọ ti Qanitah. Gbé e wá kí n fọwọ́ sí i."

Kí èyí má ṣe yà yín lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ọ̀gá tí ọgọ́ta aláìsàn ń dúró dè, ìgbà wo ló fẹ́ jókòó kọ lẹ́tà? Ìwọ tí o fẹ́ lẹ́tà lo máa kọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀gá ló ń sọ̀rọ̀. Òun á fọwọ́ sí i, akọ̀wé á lẹ̀ ẹ́ pa, ó di Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kà á lọ́hùn-ún gbà pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó pè mí padà.

"Walsh ní àyè kan ṣoṣo ló kù fún ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ mi wá lọ́dún yìí. Èmi ò ní yàn nínú yín, ọmọ mi ni ẹ̀yin méjèèjì. Kí òun yàn. Sọ fún Qanitah kí ó mọ̀."

Mo délé, mo sọ fún Qanitah pé èmi ni mo máa kọ lẹ́tà méjèèjì. Mi ò sọ ti àyè kan.

"Ó mà dáa o," ó wí. "Ẹ̀rù ti ń bà mí pé ọ̀gá ò mọ̀ mí tó. Ìwọ mọ̀ mí ju bí màámi ṣe mọ̀ mí lọ. Bá mi sọ ọ́ dáadáa."

"Fọkàn balẹ̀," ni mo dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Àǹtí Jùmọ̀kẹ́, akọ̀wé ọ̀gá. Kíá ni mo kọ tèmi. Mo yin ara mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo wá kọ ti Qanitah. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ pé òtítọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo kọ ọ́ pé kì í kánjú lórí aláìsàn, pé àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wá a kiri bí ọ̀rọ̀ bá le. Mo kà á tán. Mo ní nínú ara mi pé, "Móní, ẹni tó bá ka èyí, kí ló tún fẹ́ fi tìẹ ṣe?"

Mo fà á yọ nínú ẹ̀rọ, mo fà á ya, mo fi ìwé mìíràn sí i.

Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì pé ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́, pé ìmúra rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ irú lẹ́tà yìí á mọ̀ pé èébú ni ìyìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n méjìlélàádọ́rùn-ún ṣì wà nínú èsì rẹ̀, ó ń wò mí. Ọwọ́ mi wá sáré lọ sí ọ̀rọ̀ oṣù Kẹfà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá tí ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Èmi ni mo kọ oògùn tí wọ́n máa pò mọ́ dírípù rẹ̀. Ìwé ìdánwò ni mo ti ń kà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ojú mi ti ṣú, ìwọ̀n àgbàlagbà ni mo kọ fún ọmọ kékeré. Bí wọ́n bá fà á sí i lára, ó ti kú nìyẹn.

Qanitah ló rí i lórí ìwé kí nọ́ọ̀sì tó dé ibẹ̀. Ó fagi lé e, ó kọ èyí tó tọ́, ó sì fà mí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Lọ sùn," ó wí. "Ọmọ náà ò ní kú. Kò sẹ́ni tó rí i àfi èmi." Kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan. Kò tilẹ̀ mẹ́nu kàn án fún mi mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé, tí mo yí orí rẹ̀ sí ìdí. Mo kọ ọ́ pé Qanitah ló ṣe àṣìṣe náà, pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló rí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá wà lórí ìdúró, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé o kọ ọ́ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Mo fi ọwọ́ hàn án. Ó fọwọ́ sí méjèèjì, ó jáde lọ. Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì, ó lẹ àwọn lẹ́tà náà pa.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì ni.

Oṣù méjì yẹn, ẹ̀ bá rí mi. Bí mo bá gbọ́ pé mọ́tò kúríà tó ń kó lẹ́tà wà lẹ́nu géètì, màá sáré jáde lọ wò ó. Qanitah rò pé ìrònú Amẹ́ríkà ló ń dà mí láàmú. Ó máa ń ṣe ọbẹ̀ sílẹ̀ dè mí, ó máa ń gba iṣẹ́ òru mi ṣe kí n lè sinmi. Bó ṣe ń ṣe dáadáa sí mi tó ni mo ń kanra mọ́ ọn tó. Lọ́jọ́ kan mo jágbe mọ́ ọn torí pé ó gbé bàtà mi sí oòrùn. Ó bẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kejìlá, Walsh fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ilé ọ̀gá la lọ, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá ò sí nílé, ìyàwó rẹ̀ ló fún wa ní àga.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èmi àti òyìnbó náà sọ̀rọ̀, a rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa retí ìwé láìpẹ́. Mo gbé fóònù fún Qanitah, mo bọ́ sí fàráńdà. Mi ò rò pé ó pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi jáde bá mi.

A ti rìn dé títì kí ó tó la ẹnu.

"Ó bi mí pé kí ni mo rí kọ́ nínú àṣìṣe oṣù Kẹfà."

"Kí lo wá sọ?" ni mo bi í.

"Mo ní mi ò ṣe àṣìṣe kankan ní oṣù Kẹfà. Ó ní òun rí i pé mi ò fẹ́ sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé fóònù sílẹ̀." Ó dúró, ó kọjú sí mi. "Móní, ta ló sọ ọ̀rọ̀ oṣù Kẹfà?"

"Bóyá nọ́ọ̀sì kan ló gbé e dé etí ọ̀gá."

"Kò sí nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Èmi àti ìwọ nìkan ni."

"Tàbí ẹnì kan rí ibi tí o ti fagi lé e."

Ó ronú sí i. "Màá bi ọ̀gá lọ́la. Ó yẹ kí á mọ̀, nítorí tìẹ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti tú, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

Ẹ ò rí i? Èmi ló ń ro ìrònú fún. Mo lè jẹ́wọ́ lójú títì níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kí á máa lọ.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì Àǹtí Jùmọ̀kẹ́.

"Àǹtí mi, ẹ dákun, fáìlì lẹ́tà wa ńkọ́? Mo fẹ́ yẹ nǹkan wò."

"Ẹ káàárọ̀ ná, Dókítà. Fáìlì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá, ọwọ́ wọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣé kò sí o? Ẹ ń làágùn."

Mo ní kò sí. Mo lọ sí wọ́ọ̀dù, mo tẹ̀lé àwọn dókítà tó ń wo aláìsàn láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì, mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni sọ. Ní aago mẹ́wàá, Qanitah tọ ọ̀gá lọ. Mo bá wọn wọ ọ́fíìsì. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi sá lọ.

"Sà, ẹ dákun," Qanitah wí, "Dókítà Walsh bi mí léèrè nípa àṣìṣe oṣù Kẹfà. Kí lẹ kọ nípa rẹ̀?"

"Oṣù Kẹfà kẹ̀? Mi ò kọ nǹkan kan. Jùmọ̀kẹ́, gba kọ́kọ́rọ́, gbé fáìlì yẹn wá."

Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ gbé e wá. "Dókítà Móní náà wá bi mí nípa rẹ̀ ní kùtùkùtù," ó wí, ó sì jáde.

Ọ̀gá wọ ìgò ojú rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ka lẹ́tà tó fọwọ́ sí nìyẹn. Ó kà á sókè, ó ń yára, ó wá ń falẹ̀.

"'Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ní oṣù Kẹfà, Dókítà Sàlámì kọ oògùn àgbàlagbà fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i ni ọmọ náà fi yè. Láti ìgbà náà la ti ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀.'" Ó gbé ojú sókè. "Ọmọ wo? Ta ni ẹlẹgbẹ́ náà?"

Qanitah yíjú sí mi. Mo rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára, mo sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

"Móní," ó wí jẹ́jẹ́, "sọ fún ọ̀gá."

Mo kúnlẹ̀. "Èmi ni mo kọ oògùn náà, sà. Qanitah ló rí i. Èmi ni mo yí i padà nínú lẹ́tà."

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Nítorí àyè kan yẹn ni, sà."

"Àyè kan wo?" Qanitah bèèrè.

"Mo ní kó sọ fún ẹ," ọ̀gá wí. "Àyè kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ Walsh. Ṣé kò sọ ọ́ ni?"

"Kò sọ ọ́, sà," Qanitah wí. "Bí mo bá mọ̀, ǹ bá ti kọ̀wé sí ibòmíràn. Ọjọ́ ti kọjá báyìí. Ibẹ̀ nìkan ni mo gbójú lé." Ó nu ojú rẹ̀. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ọkùnrin náà. Ẹ sọ fún un pé èmi kọ́."

Ọ̀gá yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà? Ojú wo ló fẹ́ fi wo gbogbo lẹ́tà tí mo ti kọ sí i? Àwọn méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí ńkọ́?" Ó pa fáìlì dé. "Màá sọ fún un pé ẹ̀yin méjèèjì ò lọ mọ́. Kò sí ohun tí mo tún lè ṣe."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan nínú yín á sọ pé ọ̀gá náà jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi, mi ò ní gbè é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ̀ pé kì í kà á, èmi ni mo fi ìyẹn ṣe àǹfààní.

Mo kọ̀wé sí Walsh fúnra mi, mo jẹ́wọ́. Nígbà tí èsì máa dé, ó ní òun dúpẹ́, wọ́n ti mú ẹlòmíràn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí àṣírí tú yẹn, Qanitah kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá wa. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń tẹ̀lé e láti ibi bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Kò bú mi.

"Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni," ó wí. "Kì í ṣe nítorí tìẹ. Ojú ló ń tì mí pé ìwọ ni mo fi ṣe ọ̀rẹ́."

Ọdún méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé báyìí. Mo ń ṣiṣẹ́ ní kíláníìkì kékeré kan ní Ìgèdè. Ìyá mi ṣì ń sọ fún àwọn ìyá ìjọ pé físà ló ń dá mi dúró, èmi náà á bá a mi orí. Qanitah ṣì wà ní Adó. Kò tún kọ̀wé sí Amẹ́ríkà mọ́. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Amẹ́ríkà fún un, ó máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ ra nǹkan ní Ọjà Ọba. Mo gba ẹ̀yìn kí Alfa Sàlámì má baà rí mi. Ó rí mi. Ó fi máṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀, ó nu bẹ́ńṣì fún mi.

"Dókítà mi. O ti gbàgbé wa pátápátá."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀. Jókòó." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bá mi bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ̀rọ̀. Ọmọ tó mọ̀wé báyẹn, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo bi í, kò sọ ìdí. Mo ti bá a wí títí, mo tilẹ̀ pè é ní ọ̀lẹ. Tìẹ nìkan ló máa ń gbọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Ọlọ́run á bù kún ọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní irú ọ̀rẹ́ tí ọmọ mi ní. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ohun kan ya yín."

Mo ṣe àmín. Àní, mo la ẹnu, mo ṣe àmín.

Ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà yìí, ẹ̀dà ti oṣù tó ṣáájú, wà lórí bẹ́ńṣì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá ní òun máa ń rà á fún àwọn oníbàárà tó bá ń dúró de aṣọ, òun náà sì máa ń kà á bí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Olóòtú ní kí n yí orúkọ gbogbo èèyàn padà. Mo yí i, àfi tèmi. Bàbá, bí ẹ bá ti ka dé ibí, ẹ ti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ má bá a wí mọ́. Ẹni tí ẹ nu bẹ́ńṣì fún lọ́jọ́ yẹn ni kí ẹ bá wí.